Ibi Tí Ọkọ̀ Yóò Sùn: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wá Ilé ní Ògbà, Omole àti Ìṣẹri

Bí ẹ bá ń wá ilé ní apá ibí yìí l'Ékòó, láti Ògbà dé Ojódù títí wọ Ìṣẹri, ajẹ́ǹtì yóò kọ́kọ́ mú yín wọ pálọ̀, yóò ṣí ilé ìdáná, yóò yí ẹnu ẹ̀rọ kí ẹ rí i pé omi ń dà. Bí ẹ bá wá bi í pé níbo lọkọ̀ yóò máa wà, yóò nawọ́ síta lójú fèrèsé, yóò ní, "Àyè wà dáadáa, mà. Ẹ má ṣèyọnu." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba "àyè wà dáadáa" gbọ́. Ó gbowó lọ́wọ́ mi, ó gba oorun lójú mi.

Ẹni tó ní ọkọ̀, tàbí tó ń gbèrò àtirà á, tó sì fẹ́ kó wá sí àdúgbò wa, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ọ̀nà mẹ́rin lọkọ̀ ń gbà sùn níbí: inú ọgbà ilé, ẹ̀bá títì níwájú ilé, inú ẹ́síteètì tó ní gétì, àti ibi tí wọ́n ń sanwó sí lóṣooṣù, bí ilé epo tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti lo mẹ́ta nínú rẹ̀. Ìkẹrin, àbúrò mi ọkùnrin ló lò ó fún ọdún kan gbáko, gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí ló sì ń sọ fún mi.

Inú ọgbà ilé: ẹ mú tépù dání

Gbogbo èèyàn ló gbà pé inú ọgbà ló dáa jù, wọn kò sì jẹ̀bi. Olè kì í fò wọlé torí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan. Àmọ́ kí ẹ tó fi ọkàn balẹ̀, ẹ ṣírò ilẹ̀.

Pọ́lọ́ọ̀tì kan l'Ékòó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn bíi mítà 18 sí mítà 36. Toyota Corolla gùn tó mítà 4 àtààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.8 láìka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó lè ṣílẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀ láìfi ilẹ̀kùn gbá ọkọ̀ ẹlòmíì, ibi tó fẹ̀ tó mítà 2 àtààbọ̀ ló nílò. Ẹ wá wo ilé onífúláàtì mẹ́fà tó wà lórí pọ́lọ́ọ̀tì kan. Bí ẹ bá yọ ẹnu gétì, kànga, táǹkì omi, yàrá ọlọ́dẹ àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ọkọ̀ bíi mẹ́rin ló kù tó lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹnikẹ́ni má dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdílé mẹ́fà sì ni. Bí ó bá wá jẹ́ ààbọ̀ pọ́lọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ 60 sí ẹsẹ̀ 60, tí onílé tún kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ní láti wọlé tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé lálẹ́ wà ní ìdí fẹ́ǹsì, ẹni tó dé kẹ́yìn wà lẹ́nu gétì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí mo kọ́kọ́ gbà l'Ógbà ṣe rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ti fún wa ní aago méje, a sì ti ń retí ọjọ́ náà fún oṣù méjì. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màámi ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n gbé àpò ìwé àyẹ̀wò lé itan. Ọkọ̀ aládùúgbò wa ló wà lẹ́yìn mi. A kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ àná, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì kú. Àwọn ọmọkùnrin ilé ní ká tì í, àmọ́ ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì ni, ó wà ní P, ó sì ti fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Táyà rẹ̀ kò tilẹ̀ mì. Nígbà tí a máa fi rí takisí, ilẹ̀ ti mọ́, ọ̀nà ti kún. A dé ọ̀hún lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti pe orúkọ wa kọjá, wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Màámi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n fi sínú pọ́ọ̀sì, wọ́n wá ní ká máa lọ sílé.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Gbogbo ará ilé pàdé lọ́jọ́ Àìkú, a sì fẹnu kò sí ohun méjì. Èkíní, kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà lára ìṣó ní ilé ìdáná ìyá ìsàlẹ̀, torí wọn kì í sábà rìnrìn àjò. Ìkejì, ẹni tó ń tètè jáde ni kó sùn lẹ́nu gétì, kì í ṣe ẹni tó pẹ́ wọlé. Nítorí náà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, a óò tún ọkọ̀ tò: ẹni tó ń lọ sí Island láago márùn-ún yóò jáde síwájú, olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà yóò wọ inú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi kó kúrò, ìjà ọkọ̀ kò wáyé mọ́ nílé náà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ilé tí ọkọ̀ ti ń wọlé tẹ̀lé ara wọn, ẹ bi àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ajẹ́ǹtì, bóyá wọ́n ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá ní in, tí ẹ sì rí i pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ wá ilé mìíràn.

Ẹ tún wo ohun tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ní kí ẹ gbé e sí. Lábẹ́ igi máńgòrò, èso yóò máa já lu bọ́nẹ́ẹ̀tì láti oṣù kẹta lọ, oje rẹ̀ a sì máa jẹ ọ̀dà. Nítòsí dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí ńkọ́? Eku ni. Eku fẹ́ràn ooru ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò sì jẹ wáyà bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Owó tí mo san fún rẹ́wáyà lọ́dún kan ju owó ọlọ́dẹ wa lọ. Èyí tó le jù ni jẹnẹrétọ̀: bí wọ́n bá gbé e sí ibi tí wọ́n fi òrùlé bò fún ọkọ̀, tí fèrèsé yàrá yín wà lókè rẹ̀, ẹ kọ ilé náà. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

Ẹ̀bá títì níwájú ilé

Ẹni tó gbé ọkọ̀ sẹ́bàá títì kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó jáde. Èrè ńlá ni èyí, pàápàá fún ẹni tó ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn yóò bá mi jiyàn, àmọ́ bí ó bá kù sọ́wọ́ mi, títì tó ní gétì ní ìkángun méjèèjì tí ọlọ́dẹ sì ń jí káàkiri dára fún òṣìṣẹ́ àárọ̀ ju ọgbà tí ọkọ̀ mẹ́jọ ti há mọ́ ara wọn. Títì tí kò ní gétì ńkọ́? Rárá o.

Ohun tí olè ń wá lára ọkọ̀ tó sùn síta ni dígí ẹ̀gbẹ́, bátìrì, àti brain box tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Brain box yìí ló ń dunni jù, torí ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ láìsí i, owó rẹ̀ sì wọ́n. Àwọn kan máa ń ní kí mẹkáníìkì fi irin dè é. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbójú lé ìwé adójútòfò olówó pọ́ọ́kú tí ẹ rà: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni iye rẹ̀ ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ tara ẹni, àmọ́ ìpalára tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíì nìkan ló ń san. Bí olè bá tú ọkọ̀ yín, kò kàn án. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa sùn síta ní láti ra èyí tó bo gbogbo rẹ̀, kó sì ka owó náà mọ́ owó ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé méjì wéra, ọ̀kan ní ọgbà, ìkejì kò ní, ẹ fi owó adójútòfò yìí àti owó ọlọ́dẹ kún owó ilé kejì kí ẹ tó sọ pé òun ló dínwó.

Títì kì í ṣe ti ẹni tó kọ́lé síwájú rẹ̀. Òfin ọdún 2018 lórí ètò ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ló gbé LASPA kalẹ̀ láti máa bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí, LASTMA sì ti ń gbé ọkọ̀ tó dínà láti ọdún 2000. Lójú ọ̀nà ńlá, bí iwájú ilé ìfowópamọ́ tàbí iwájú ọjà Sunday Market l'Ógbà, ẹ má dán an wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún pàápàá. Nínú títì àdúgbò, ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni kí ọkọ̀ PSP tó ń kólẹ̀ má rí àyè kọjá. Bí kò bá rí àyè, yóò padà sẹ́yìn, ìdọ̀tí gbogbo títì yóò sì wà níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ yín ni wọn yóò sì máa dá. Bí ọkọ̀ panápaná kò bá sì rí àyè, ẹ̀mí lọ̀rọ̀ di.

Ẹ má gbé táyà lé orí sílábù gọ́tà tí wọ́n fi ṣe ẹnu gétì ẹlòmíì. Sílábù tí wọ́n dà fún ẹsẹ̀ èèyàn kì í gba ọkọ̀, ó máa ń là lójijì, táyà á wọ gọ́tà. Ẹ mú páálí kékeré, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i gàdàgbà, kí ẹ gbé e síwájú dígí. Ohun kékeré ni, àmọ́ ó ti gbà mí lọ́wọ́ èébú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó rí nọ́ńbà yóò pè, ẹni tí kò rí i yóò tú atẹ́gùn táyà.

Kí ẹ tó gba ilé tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn síta, ẹ kọ́ bí títì náà ṣe ń gbé ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ àbí kò sí? Bí ó bá wà, láti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ kò sẹ́ni tí yóò lè jáde. Bí mọ́ṣáláṣí bá wà nítòsí, ọkọ̀ yóò tò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú àti alẹ́ ìṣọ́ òru ni. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n lè ta kánópì dí títì láti àárọ̀ fún ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà. Àwọn ará títì tó mọ ìwà yóò wá sọ fún yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ọkọ̀ yín sí títì kejì." Ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọjọ́ tiyín náà ń bọ̀.

Ẹ́síteètì

Omole Phase 1 tàbí Magodo: ọ̀nà fẹ̀, gétì wà, ẹ̀ṣọ́ wà, ọ̀pọ̀ ilé sì ní àyè ọkọ̀ méjì lójú pọ́lọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ ń sùn dáadáa níbẹ̀. Èyí tí mo gbé wà nítòsí Berger, ọdún mẹ́ta ni mo sì lò, n kò pàdánù kódà ìdérí táyà.

Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ní àwọn ẹ́síteètì kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í wọlé. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ ó rìn láti gétì dé ilé pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó fẹ́ ra ata ní láti jáde síta. Kò sí ìyá alákàrà ní kọ̀rọ̀ títì láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ tútù. L'Ógbà, mo lè fi bàtà ilé sọ̀kalẹ̀ lọ ra tòmátò láago mẹ́jọ alẹ́. Ìdí nìyí tí màámi kò fi fẹ́ràn ẹ́síteètì. Wọ́n ní ibẹ̀ dákẹ́ jù, àwọn kò rẹ́ni kí. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé kó ronú sí èyí dáadáa.

Ẹ béèrè owó ẹ́síteètì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé gan-an, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó kó jáde fi gbèsè sílẹ̀, torí wọ́n lè sọ pé àwọn kò ní fún yín ní sítíkà ọkọ̀ títí ẹnìkan yóò fi san án. Ẹ mọ aago tí wọ́n ń ti gétì. Gétì tó súnmọ́ yín lè tì láago mẹ́wàá, kí èyí tó ṣí sílẹ̀ di èyí tó wà ní òdìkejì.

Ibi tí wọ́n ń sanwó sí

Àbúrò mi gba yàrá kan àti pálọ̀ nílé tí kò ní àyè ọkọ̀ rárá, ó wá ń gbé tirẹ̀ sí ilé epo. Owó rẹ̀ kò pọ̀, iná wà, ọlọ́dẹ wà. Ohun tí kò rò ni ọjọ́ tí epo bá wọ́n. Ìlà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin òru, á yí ilé epo náà po, ọkọ̀ tó sùn sínú kò ní lè jáde títí ọ̀sán. Ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yẹn. Ó kó lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dùn mọ́ ọn, àyàfi ọjọ́ ìṣọ́ òru.

Ọgbà mẹkáníìkì ni kí ẹ má lọ. Àti pé níbikíbi tó bá jẹ́, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó. Fún obìnrin, ẹ rin ọ̀nà náà lẹ́sẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ tó sanwó, torí ìrìn ìṣẹ́jú méje lójú ọ̀sán kì í ṣe ìṣẹ́jú méje lóru tí iná kò sí.

Ìṣẹri: omi

Ilé tuntun pọ̀ ní Ìṣẹri, ọgbà rẹ̀ fẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dínwó ju ti Omole lọ. Ṣùgbọ́n odò Ògùn wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán lókè, odò náà máa ń kún bo Ìṣẹri North àti agbègbè OPIC. Omi kì í sáré wá, ó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jókòó fún ọjọ́ púpọ̀. Ọkọ̀ tí omi bá wọ dé ìjókòó kò ní padà bọ̀ sípò tán láé. Wáyà rẹ̀ yóò máa jẹrà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá lọ wo ilé níbẹ̀ nínú ẹ̀rùn, ẹ wo ara fẹ́ǹsì. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀dà mímọ́ lókè. Bí fẹ́ǹsì bá jẹ́ ọ̀dà tuntun nígbà tí ilé kò jẹ́ tuntun, ẹ lọ wo ti aládùúgbò. Ẹ bi ìyá tó ń ta gaàrí ní kọ̀rọ̀ títì ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá. Yóò fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lára rẹ̀ fún yín.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ní jáde rárá

Èyí kò gùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba tàbí Ọ̀yìngbò, tó sì lè gbé l'Ógbà tàbí Ìjú, kó rántí pé ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oshòdì, Mushin, Yaba, Ọ̀yìngbò. Káàdì Cowry lẹ fi ń wọ̀ ọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kan tó sùn dáadáa nínú ọgbà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò ní ìṣòro dídí ọ̀nà, ilé tí ọkọ̀ ti ń tẹ̀lé ara wọn sì lè tọ́ sí i gan-an. Ìdí fẹ́ǹsì ni kó máa wà. Ẹni tó ń gbé ní Ìṣẹri tàbí lókè afárá ní Arepo àti Magboro kò ní àǹfààní yẹn. Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni tirẹ̀, kó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò bá ń lọ sí Redemption City, òun ní láti ti kọjá Berger kí oòrùn tó wọ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má lọ wo ilé lọ́sàn-án nìkan. Lọ́sàn-án, gbogbo ọkọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ọgbà á dà bí pápá. Ẹ padà lọ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Túsìdé tàbí Ọjọ́rú, ẹ sì gbé ọkọ̀ tiyín dání. Ẹ ní kí ọlọ́dẹ ṣí gétì. Ẹ wọlé, ẹ gbé e síbi tí ajẹ́ǹtì nawọ́ sí, ẹ pa á, ẹ ṣílẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ tún wọ̀ ọ́, kí ẹ rìfásì jáde pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ àwọn ará ilé níbẹ̀. Bí ẹ bá jáde láìpe ẹnikẹ́ni kó wá sún, ẹ lè san owó ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.